Abọ́ gàrí ìyá kan ní Kétu, àti ìbéèrè tí à ń bi ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi

Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, gàrí àti àgbàdo ló ń tà ní ọjà Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó wá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìrìbọmi nínú ìjọ wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ kíláàsì àti àwọn alàgbà fún ìgbà pípẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, mo sì ti yí ìwọ̀nba nǹkan padà kí ará ọjà má baà nàka sí i. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti jókòó níwájú èèyàn, ká sì sọ pé "ìgbàgbọ́ ẹni yìí dá wa lójú" tàbí "ẹ jẹ́ ká dúró ná", ni mo kọ ọ́ fún.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ní àrà kankan nínú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, àwọn obìnrin ìjọ tó ń gbé ládùúgbò rẹ̀ sì ń lọ jókòó tì í. Ọmọ náà gbádùn. Kò sẹ́ni tó ríran, kò sẹ́ni tó lálàá. Ìyá náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn obìnrin yẹn wá sí ìsìn ni, kò sì yé wá. Kò mọ̀wé kà. Yorùbá Kétu ló wà lẹ́nu rẹ̀, Bíbélì tí à ń kà sì jẹ́ èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú rẹ̀ ló máa ń bi ọmọbìnrin tó bá jókòó tì í pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣèrìbọmi á ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá lórí níwájú àwọn alàgbà, wọn á sì bi í ní ìbéèrè mélòó kan lé e. Nígbà àkọ́kọ́ tó jókòó fún ìdánwò yìí, ó dé ibi "jìyà lábẹ́ Pọ́ńtíù Pílátù", ó dúró, ó béèrè pé ta ni ọkùnrin yẹn, kí ló sì ń wá nínú ìgbàgbọ́ wa. Alàgbà kan rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni lójú tèmi, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń ka orúkọ yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò béèrè rí. Ṣùgbọ́n kò rí i kà dé òpin, wọ́n ní kó padà lọ kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà kejì ó gbìyànjú díẹ̀ sí i, Òfin Mẹ́wàá nìkan ló dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni ìgbàgbọ́, ó dákẹ́ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú kíláàsì kan náà tó ka gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, tó tún un kà ní Faransé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Òun yege.

Nígbà tí kíkà lórí kò yọrí, àwọn alàgbà yíjú sí ìwà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni owó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn: ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ máa ń dáwó fún un, òun náà sì ń dá tirẹ̀. Wọ́n ní kó má dá a mọ́. Lọ́dún yẹn gan-an, kò dá a. Inú àwọn alàgbà dùn, wọ́n ní ẹ ò rí i pé Ẹ̀mí ti ń ṣiṣẹ́.

Mi ò bá wọn yọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ojú ìwé kan fún un nípa ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bi wọ́n ni pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Wọ́n sọ ọ́, ó sì ṣe é. Àwa ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan á mú òfin ẹgbẹ́ náà ṣẹ, ìjọ wa sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ká má sì gbàgbé pé ẹni tí kò dáwó mọ́, owó kù sí i lápò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ìyàwó alàgbà kan ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, ó délé, ó fi tóńgólò tirẹ̀, ìyẹn abọ́ ìwọ̀n tí à ń lò lọ́jà, wọ̀n ọ́n, kò kún. Ó tún rà nígbà mìíràn, ohun kan náà ló rí. Ẹni tó bá ń najà mọ ọgbọ́n yìí: wọ́n á fi òòlù rọra lu ìdí abọ́ títí á fi wọ inú, lójú ẹni tó dúró, abọ́ náà kún, ó tún rí ṣóńṣó lórí, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó wá jẹ́ ìyanu níbẹ̀ ni pé obìnrin yìí ni wọ́n mọ̀ jù lọ fún ènì lórí ìlà yẹn. Bí o bá ra tóńgólò méjì, á bu ẹ̀kúnwọ́ lé e, á tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á ṣàdúrà fún ọ. Ènì yẹn kò tó ohun tí ìdí abọ́ ti kó lọ.

Àwọn alàgbà fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n pè é, kí wọ́n fi abọ́ hàn án lójú gbogbo èèyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ nǹkan kan fún un. Mi ò fẹ́ fi bo ẹ̀ṣẹ̀ o. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà kàn án lójú, á pa abọ́ náà tì, ìtìjú ni yóò sì mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Títí ayé a ò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ ká fi Ìwé Mímọ́ sí iwájú rẹ̀ ná, ká wo ohun tí yóò ṣe. Wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó alàgbà yẹn kò rí i bí ohun tó dáa pé kí òun máa ra gàrí tí kò kún nítorí ẹ̀kọ́ ìsìn. Ó tọ̀nà láti bínú.

Nínú kíláàsì, a yí ọ̀nà padà fún gbogbo wọn, kì í ṣe fún òun nìkan. A ó ka ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan á fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ láìwo ìwé, àwọn yòókù á tún ibi tó ti ṣì í sọ ṣe. Lẹ́yìn náà a ó béèrè: kí lẹ gbọ́ nípa Ọlọ́run níbẹ̀? Kí ló ní kí a ṣe? Ìgbà tí a bá sì pàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí a tó ṣí ìwé rárá, a ó kọ́kọ́ bi oníkálukú pé, ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, báwo ló ṣe lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló máa ń mú kí wọ́n wo ilẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti Lúùkù orí 3. Àwọn èèyàn wá sọ́dọ̀ Jòhánù láti ṣèrìbọmi, wọ́n ní kí làwọn ó ṣe. Mo fẹ́ kí olùkọ́ kíláàsì ìrìbọmi kọ̀ọ̀kan fara balẹ̀ wo ìdáhùn tó fún wọn, nítorí kò ní kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan lórí. Ẹni tó ní ẹ̀wù méjì, kó fún ẹni tí kò ní. Agbowó orí, kó má gbà ju iye tí wọ́n ní kó gbà. Ọmọ ogun, kó má fipá gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni, kó má fẹ̀sùn èké kan èèyàn, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tó o. Ibi iṣẹ́ oníkálukú ló ti bá a. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní ká ní òun wà níbẹ̀ ni, Jòhánù ì bá sọ̀rọ̀ owó tí òun ń bù lé e fún àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Kùtọnu. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló sì sọ ìtàn náà pé jù lọ lọ́jọ́ yẹn, ó dára ju tàwọn tó mọ̀wé lọ. Àwọn yẹn gbàgbé àwọn ọmọ ogun pátápátá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sákéù ni, agbowó orí inú Lúùkù 19 tó ní òun yóò dá ohun tí òun rẹ́ jẹ padà ní ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀. Bí a ṣe dé ibi ìlọ́po mẹ́rin, ó bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ẹ ò tajà rí. Gbogbo ìlà wa ló ń ṣe é. Tí mo bá gbé abọ́ tó pé síta, owó wo ni n ó fi ra àpò mìíràn? Èmi ò lè ṣe é." Kò sẹ́ni tó dárúkọ abọ́. Ó dìde, ó lọ.

Kò padà wá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn alàgbà ní ṣé àwọn ò ti sọ. Mo lọ kí i nílé, mi ò mú ọ̀rọ̀ abọ́ dání, mo kí i kú ilé, mo béèrè ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìṣirò fún mi: iye tí àpò gàrí ń wọlé, iye tóńgólò tó yẹ kó jáde nínú rẹ̀, iye tó ń jáde báyìí, bí oníbàárà láti òdìkejì ẹnubodè ṣe ń dín kù nígbà tí náírà bá wó, iye tí yóò ṣẹ́ kù fún un bí abọ́ bá pé. Ó ti ṣe ìṣirò yẹn fún ọjọ́ pípẹ́ kí n tó dé. Mo wò ó, mo sọ fún ara mi pé ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan kì í jókòó ṣírò bẹ́ẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an. Mo sọ ìtàn àwọn ọmọkùnrin méjì inú Mátíù 21 fún un, èyí tó ní òun ò lọ tó wá lọ, àti èyí tó ní òun ń lọ tí kò lọ. Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ.

Nígbà tó padà wá, ó ti ra abọ́ mìíràn. Kò sọ fún wa. Ìyàwó alàgbà yẹn ló tún wọn gàrí rẹ̀ nílé, tó rí i pé ó kún. Ó fi sẹ́fà 25 lé iye tí wọ́n ń tà á lórí ìlà, ó sì ń wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà. Àwọn kan kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wàhálà tó tóbi jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà: wọ́n ní ó ń bú àwọn, pé abọ́ tó gbé síta yẹn ń sọ pé olè làwọn. Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ní òun ò sọ̀rọ̀ abọ́ ẹnikẹ́ni, tòun lòun pààrọ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó rọlẹ̀, kò sì tíì rọlẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ owó àná ṣì wà nílẹ̀. Ó bi mí bí a ṣe ń dá nǹkan padà fún ẹni tí èèyàn ò mọ̀. Àwọn alàgbà ní kó kó o wá sí àpótí ìjọ, wọ́n sì rí ẹsẹ Bíbélì tì í lẹ́yìn: Númérì orí 5 sọ pé bí kò bá sí ìbátan tí a lè san án fún, ti Olúwa ni, ti àlùfáà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹsẹ yẹn wà fún ìgbà tí a kò bá rí ẹni tí a ó san án fún. Kí ìjọ sì máa jẹ nínú gàrí tí abọ́ ìdí-wọnú kó jọ kò lè mú kí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá náà ló rántí obìnrin kan tó ń se gàrí àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó béèrè pé ìlọ́po mẹ́rin Sákéù ni àbí kí ló wà nínú òfin. Mo fi Léfítíkù orí 6 hàn án: ohun tí a jí gẹ́lẹ́, àti ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Sákéù ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bù ú fún un. Ìyá náà mú ti òfin.

Ó kó àpò gàrí lọ bá obìnrin yẹn, ó sì sọ ìdí. Ẹ má rò pé wọ́n dì mọ́ra. Obìnrin náà fárígá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tí òun ti ń rà, ó ní àpò yẹn kò tó. Wọ́n jọ jiyàn lórí iye náà bí ẹni tó ń nájà, ó sì padà lọ fi kún un.

Síbẹ̀, abọ́ yẹn kọ́ ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ṣì lè jẹ́ pé ó fura pé a ti mọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan láti abúlé, irú ọmọ tí àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu ń pè ní vidomègon, tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́, kó sì rán an lọ sílé ẹ̀kọ́. Omi tútù nínú ọ̀rá lọmọ yẹn ń kiri tà láti ọdún dé ọdún. Ìjọ wa kò wò ó bí ẹ̀ṣẹ̀. Kí n sòótọ́, nínú àwọn alàgbà tó ń ṣèdájọ́, àwọn kan ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. A ka Jákọ́bù 5 nínú kíláàsì, nípa owó ọ̀yà àwọn tó kórè oko, tó ń ké sókè. Ọ̀rọ̀ àwọn lébìrà oko ni gbogbo wa ń sọ. Kò dá sí i. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù yẹn, ó ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà, ó ní òun jẹ ẹ́ lówó, ó sì mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ kan, ó san owó iṣẹ́ kíkọ́ fún un. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àfi ìgbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ibi tí ojú alàgbà dé, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwa tí a kà á fún un kò rò. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ nínú ẹni tó gbàgbọ́. Ohun tí à ń wá nìyẹn nígbà ìdánwò, kò sì sí ibi tí a ti lè rí i nínú yàrá ìdánwò.

Nígbà tó tún jókòó níwájú wọn, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, kí ni ìgbàgbọ́. Ó ní, "Wọ́n ní Jésù ti san gbèsè mi. Tó bá jẹ́ pé mo gbà bẹ́ẹ̀, kí ni mo tún ń jí gàrí fún?" Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ṣì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Alàgbà kan kò gbà, ìdí rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí n kọ ọ́ síbí. Ó ní oníṣòwò Mùsùlùmí kan wà lórí ìlà yẹn kan náà tí abọ́ rẹ̀ kò lábùkù rí láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n. Ṣé ká ri òun náà bọmi? Òótọ́ ni. Ìwà títọ́ nìkan kọ́ ni ìgbàgbọ́ nínú Kristi, ẹni tó bá sì ń fi abọ́ nìkan wọn èèyàn yóò ṣìnà. Ibi tí mo fi dá a lóhùn ni pé obìnrin yìí ò pààrọ̀ abọ́ kó tó gbọ́ nípa Sákéù, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó wọ ilé Sákéù. Àwọn tó kù gbà. A fi àtakò alàgbà yẹn ṣe iṣẹ́: òun ló ń kọ́ ọ ní Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lẹ́yìn ìsìn, nítorí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin tó yege lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ó jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè kan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá bi í, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́, mò ń ṣe é." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mi ò ní sọ pé kì í ṣe onígbàgbọ́. Lúùkù 8 ní sùúrù ni àwọn tó gba ọ̀rọ̀ fi ń so èso, ìyá náà pàápàá sì lo oṣù mélòó kan nínú ìbínú. Olè orí àgbélébùú kò ní àyè láti tún abọ́ kankan ṣe, Jésù sì gbà á. Ìgbọràn kì í ṣe owó tí à ń san kí a tó rí ìgbàlà; Éfésù 2 fi oore-ọ̀fẹ́ ṣáájú iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, "bẹ́ẹ̀ ni" tó bá yára jù kò dà mí láàmú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì mú inú mi dùn. Mo kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé, n ó sì tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Èmi ò lè ṣe é" tó bá ti inú wá, mo máa ń lọ kí ẹni tó sọ ọ́ nílé.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí, ó yẹ kó ṣọ́ ara rẹ̀ níbì kan. Bí o bá ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, tí o sì ń wá ẹsẹ Bíbélì tí o ó fi gún un, ìdẹkùn nìyẹn, àwọn èèyàn á sì mọ̀. Gbogbo kíláàsì ni kó gbọ́ ọ, kí olùkọ́ náà sì dáhùn ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú wọn. Má sì fi ohun tí ìjọ fẹ́ràn ṣe ìdánwò, bí aṣọ, owó ìdámẹ́wàá, tàbí wíwá sí ìpàdé. Ohun tó ń pa ìjọ lérè, ó rọrùn láti ṣe é nítorí ìjọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìbọmi súnmọ́, àwọn alàgbà fẹ́ kó jẹ́rìí nípa abọ́ náà níwájú ìjọ. Ó ní òun ò fẹ́, mo sì gbè é lẹ́yìn. Ká ní ó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, abọ́ tuntun ni àwọn tó wà nínú kíláàsì tó ń bọ̀ yóò máa gbé wá fún wa wò.